Igún Mẹ́tàdínlógún Létí Irà

Mọ́ńdè, 5 Oṣù Kẹjọ, 1974

Dókítà ní kí n máa rìn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru sókè bí ògì tó hó lórí iná, pé bí mi ò bá rìn láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan ni wọ́n á gbé mi wọlé lórí pátákó. Ó tún ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ ibi tí mo rìn dé àti ohun tí mo rí, kí òun lè mọ̀ pé mi ò purọ́. Bí ọmọ iléèwé! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe wolé-wolé, tí mo ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé. Oṣù Kẹta ni mo fẹ̀yìntì. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ gọ́tà.

Mo kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, ó tutù. Mo rìn dé ìparí òpópónà wa, níbi tí ilé ti tán tí irà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí: òkú ajá kan tó wú bí àpò àgbàdo. Ìyàwó ilé kan tó da ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ sínú gọ́tà, tó sì kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," bí ẹni pé omi ẹ̀kọ ló dà. Eku mẹ́rin. Eṣinṣin tí kò níye. Ṣíọ̀! Mo padà sílé ní aago méje. Caroline, ìyàwó mi, bi mí bóyá mo gbádùn ìrìn náà. Mo ní kó gbé omi àti ọṣẹ wá.

Wẹ́sìdeè, 7 Oṣù Kẹjọ

Ajá náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti bẹ́.

Fráìdeè, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo bá bàbá kan létí irà lónìí. Ó jókòó sórí igi tó ti wó, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ìgbẹ́ ni mo rò pé ó fẹ́ ṣu. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí i sẹ́nu kí n tó débẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ ó lé wọn lọ."

"Àwọn wo?"

Ó nawọ́ sí ọ̀pẹ kan tó dá dúró sínú omi. Ẹ̀gà ló kún orí rẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ìpàdé onílé àti ayálégbé.

Fàsásì lorúkọ bàbá náà. Télọ̀ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, irà ló ń gbà lọ. Ó ní ẹyẹ lòun ń wò. Kò pa wọ́n, kò tà wọ́n, kò jẹ wọ́n. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ọ̀gá wolé-wolé, mo mọ̀ yín o," ó ní. "Nígbà tí mo ń gbé ní Mushin, ẹ da odidi ìkòkò omi mi nù. Ẹ ní tanwíjí wà nínú ẹ̀."

"Ṣé tanwíjí wà nínú ẹ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Ó wà níbẹ̀."

Mo jókòó tì í. Igi náà tutù, ó sì ń yọ̀. Ṣòkòtò mi bàjẹ́.

Wẹ́sìdeè, 14 Oṣù Kẹjọ

Akọ ẹ̀gà ló ń kọ́lé. Ó máa ń ya imọ̀ ọ̀pẹ tín-ín-rín, á so ó kọ́, á hun ún yípo, á wá dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn ìyẹ́. Abo á dé, á wọlé, á fi ẹnu tú u wò níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ á sì já gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Abo yẹn, iṣẹ́ yín ló ń ṣe," ni Bàbá Fàsásì wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín níta gbangba.

Kò pẹ́ tí awọ́nrínwọ́n kan yọ lábẹ́ ewé ojúoró, ó gùn ju apá mi lọ, ahọ́n rẹ̀ ń yọ ṣánṣán. Ó wọ́ lọ síbi òkú ajá ọjọ́sí, ó ki orí bọ ikùn rẹ̀ títí dé ọrùn. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Fàsásì kò gbójú.

"Agbálẹ̀ ni," ó ní. "Bí kò bá sí òun, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá gbé e ni?"

Kò purọ́. Ọkọ̀ ìkólẹ̀ kò dé àdúgbò yìí láti oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ̀wà tí Caroline sè.

Sọ́ńdè, 18 Oṣù Kẹjọ

Ambrose, àbúrò Caroline, pè wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Òdìkejì irà ni ilé rẹ̀ wà. Bí èèyàn bá gba ojú títì, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Bí ẹyẹ bá fò ó, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ lésìí, adìẹ àgíríìkì ló ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé báyìí. Irinwó adìẹ, funfun báláú, nínú àgọ́ páànù kan. Ó mú mi rìn yíká. Òórùn ìgbẹ́ wọn gún mi nímú bí abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìmọ́tótó, kí lẹ rí sí i?"

Mo ní kí ó la fèrèsé sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní afẹ́fẹ́ wà níta.

Nídìí tábìlì mo jẹ itan kan, mo jẹ igẹ̀ kan, mo tún fi ọrùn kan lé e. Ó dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí dókítà, tó ní kí n dín ẹran kù.

Túsìdeè, 27 Oṣù Kẹjọ

Igún mẹ́tàdínlógún. Èmi kà wọ́n, Bàbá Fàsásì náà kà wọ́n. Mẹ́ta péré la máa ń rí tẹ́lẹ̀, lórí òrùlé ilé onípákó kan létí irà. Lónìí wọ́n tò sórí igi, sórí ògiri, sórí páànù, orí wọn pá, ọrùn wọn pupa bí egbò. Ọ̀kan ń yàgbẹ́ sára ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi.

"Igún kì í ṣe àbẹ̀wò lásán," ni Bàbá Fàsásì wí. "Ohun kan ti kú níbì kan, ó sì pọ̀."

Túsìdeè, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀. A tọ ipa igún lọ. A gba etí irà yípo, ẹrẹ̀ dé àárín ojúgun wa, a ń fi igi tilẹ̀. Òórùn náà ti pàdé wa kí a tó débẹ̀. Mo mọ òórùn. Mo mọ ti ṣáláńgá, mo mọ ti ilé ìpẹran, mo mọ ti òkú tó fi ọjọ́ mẹ́ta wà ní yàrá àtìpa. Èyí ju gbogbo wọn lọ.

Àpò oúnjẹ adìẹ mẹ́rin ni, tí wọ́n jù sínú omi lábẹ́ koríko. Méjì ti ya. Adìẹ funfun ló wà nínú wọn, wọ́n ju ọgọ́ta lọ, wọ́n ti ń yọ́ mọ́ra. Ọrùn wọn lọ́ sẹ́yìn, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé gbẹ mọ́ ìdí wọn. Lúkúlúkú ni. Mo ti rí àrùn yẹn rí ní Mushin, nígbà tó gbá gbogbo adìẹ inú àgò lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdin kún ojú wọn débi pé ẹ ó rò pé wọ́n ṣì ń ṣẹ́jú. Awọ́nrínwọ́n méjì ń fa ọ̀kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Igún ń rìn lórí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wọ aṣọ ìsìn.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò ju ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ lọ, obìnrin kan ń fọ igbá ẹ̀fọ́.

Mo bì. Bàbá Fàsásì fún mi ní fìlà rẹ̀ kí n fi nu ẹnu. Mi ò gbà á.

"Ta ló ń sin adìẹ funfun tó tó báyìí ládùúgbò yìí?" ó bi mí.

Mo ní mi ò mọ̀. Mo wo àgbàlagbà lójú, mo purọ́ fún un.

Tọ́sìdeè, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dá nìkan lọ ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo dúró lẹ́yìn igi àgbọn. Ó dé lóòótọ́, Ambrose, nínú ṣòkòtò tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ti bárò, ó ń súfèé orin ìsìn. Ó da àpò méjì sómi. Ó fi omi kan náà ṣan ọwọ́. Ó tún súfèé lọ.

Mi ò pè é. Mo dúró lẹ́yìn igi náà títí mi ò fi gbọ́ súfèé rẹ̀ mọ́.

Sátidé, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bá Ambrose nílé, mo sọ ohun tí mo rí létí irà fún un. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti lọ sọ́jà Tejúoṣó.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kì í dalẹ̀ síbẹ̀?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Mélòó ló ti kú?"

"Ó ṣẹ́ ku bí igba ó lé ọgọ́ta."

"Mo ní mélòó ló kú, Ambrose."

"Èyí tó bá kú, mo dà á nù. Èyí tó bá ń tòògbé, mo máa ń sáré pa á kó tó kú. Àwọn obìnrin tó ń din adìẹ létí títì ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, iná àti ata, kí ló lè yè é?"

"Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́?"

Ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́. Adìẹ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ gbé orí ẹ̀ dúró kí n tó dúńbú ẹ̀, kò lè gbé e fúnra ẹ̀ mọ́. Ẹ tún bù kún un. Ẹ ní ó dùn."

Mo bì sára ògiri rẹ̀. Ìgbà kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó bu omi wá fún mi nínú ife. Mo wo omi náà, mo wo ọwọ́ tó fi gbé e wá, mo dà á sílẹ̀.

Sọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Caroline lẹ́yìn ìsìn. Iṣu ló ń bẹ. Kò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo bá wọn hú ìyẹ́ ẹ̀."

"O mọ̀, o sì gbé e síwájú mi?"

"Èmi náà jẹ ẹ́. Ṣé a kú ni?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí.

"Bàbá Ọmọ́ṣaléwá, gbogbo ohun tó ní ló kó lé adìẹ yẹn lórí. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé pa á."

Ìwé. Ó mọ̀ mí. Mo wo ọwọ́ tó fi ń bẹ iṣu, mo sì rí ìyẹ́ adìẹ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀. Mi ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní dókítà ló ní kí n dín jíjẹ kù.

Sátidé, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀ dalẹ́. Omi irà wọ ilé méjì tó kángun. Ìyẹ́ funfun ń léfòó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mi ò tíì kọ nǹkan kan ránṣẹ́ síbì kankan.

Wẹ́sìdeè, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fàsásì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bó bá ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gà ti pamọ, ayọ̀ kò jẹ́ kó dákẹ́. A gbọ́ ohùn àwọn ọmọ inú ilé wọn, wọ́n ń dún ṣíṣíṣí bí òróró tó ń gbóná.

Ó wá ní, "Mo ti san owó adìẹ Ìtúnu o. Mẹ́rin. Lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó yín tí wọ́n júwe fún mi ní mọ́ṣáláṣí, ó ní tòun ò ṣàìsàn. Ó ní nítorí tiyín, èyí tó sanra lòun máa mú fún mi."

"Ìwọ nìkan—" Mo ṣì í pè, mo tún un ṣe. "Ẹ̀yin nìkan ni?"

"Gbogbo mọ́ṣáláṣí wa ni. Á tó ọgọ́ta. Adìẹ ẹ̀ ò wọ́n."

Mo wo omi títí. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀: bárò, àpò, adìẹ tó ń tòògbé, itan tí mo jẹ.

Ó kọjú sí mi.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó dìde. Kò bú mi. Ó na ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ, kò wo ẹ̀gà mọ́.

Fráìdeè, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé méjì, láì fa ìlà rẹ́. Ó ti pẹ́ tí pẹ́ẹ̀nì mi ti mú báyìí. Mo kọ iye àpò, iye adìẹ, orúkọ àrùn, orúkọ ẹni tó ni ín. Mo parí rẹ̀ bí a ṣe máa ń parí rẹ̀ nígbà tiwa: irà tí a ń wí yìí jẹ́ ibi ẹ̀gbin àti ewu fún ìlera gbogbo èèyàn, ó yẹ kí ìjọba mú un kúrò láìjáfara.

Mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sọ́fíìsì. Mùktárù ló wà lórí àga tí mo lò. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó dìde fún mi, ó ní, "Ọ̀gá mi àtàtà!" Ó kà á lójú mi, ó mi orí. "Sà, a ò rí ẹni tó ń kọ irú èyí mọ́."

Orí mi wú. Mo kọ èyí náà sílẹ̀.

Fráìdeè, 4 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n dé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan àti gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì méjì. Igba adìẹ ó lé méjìlá ni wọ́n pa, wọ́n kó wọn sínú kòtò, wọ́n dáná sun wọ́n. Ohun tí mi ò ní gbàgbé ni pé òórùn rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò yọ sí wa, abọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń bẹ ọlọ́pàá kó fún àwọn ní èyí tí iná ò tíì jó jù. Obìnrin kan fi igi fa ọ̀kan yọ, ó sá lọ. Mo pariwo lé e. Ó bú mi lórí eré.

Ambrose dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹ mí tán," ó ní. "Ẹ nu ẹnu yín."

Caroline wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti débẹ̀. Ó wò mí bí a ṣe ń wo ohun tí ológbò bì sílẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 9 Oṣù Kẹwàá

Caroline kò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń dé orí tábìlì lásìkò, ìdérí abọ́ nìkan ló ń dún.

Tọ́sìdeè, 17 Oṣù Kẹwàá

Ìtúnu Ààwẹ̀. Bàbá Fàsásì ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé àwo ẹran ewúrẹ́ síwájú mi.

"Ẹ jẹun, Ọ̀gá. Èmi ni mo mú okùn ẹ̀ dání kí wọ́n tó pa á. Ó fẹ́ kàn mí pa. Ara ẹ̀ le."

Mo jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹran dé ẹnu mi láti oṣù Kẹsàn-án. Ó ní gbogbo mọ́ṣáláṣí ló mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà a jọ rìn lọ sí irà pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn rẹ̀. Igún ti padà di mẹ́ta. A ka ilé ẹ̀gà: mẹ́tàlélógójì. Ọmọ ẹyẹ kan yọ orí, ẹnu rẹ̀ pupa, ó la gbàgà.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀.

Mọ́ńdè, 21 Oṣù Kẹwàá

Lọ́rì ìkólẹ̀ mẹ́fà dé àdúgbò wa lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìṣẹ́jú kan inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n wá kó ilẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn dé etí irà, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n sì dà á: ilẹ̀ gbogbo Mushin, awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, agolo, páálí, aṣọ nǹkan oṣù, òkú ewúrẹ́ kan tó ní ìwo kan. Gbogbo rẹ̀ rọ́ sínú omi, ojúoró rì. Èéfín ooru ń jáde lára rẹ̀.

Mo dúró níwájú lọ́rì kejì, mo na ọwọ́. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, wọ́n ní ká dí i pa ni. Ìwé wà lọ́wọ́ wa."

Túsìdeè, 22 Oṣù Kẹwàá

Mùktárù yọ ìwé náà síta. Ìwé mi ni. Ó ti fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: kí ìjọba mú un kúrò láìjáfara.

"Adìẹ ni mo ní kí ẹ mú kúrò," mo ní. "Àpò ẹ̀gbin yẹn!"

"Ọ̀gá, 'irà' lẹ kọ síbí, sà. Ẹ wò ó. Irà tí a ń wí yìí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ibi tí ẹ̀fọn bá ti ń pamọ, ká dí i."

"Ilẹ̀ lẹ fi ń dí i, Mùktárù. Ẹ̀gbin lẹ fi ń dí ẹ̀gbin."

"Yẹ̀pẹ̀ ò sí, sà. Ilẹ̀ ló pọ̀."

Ó pè mí ní Ọ̀gá títí mo fi jáde. Mo dúró létí títì, mo ń ka ẹ̀dà ìwé náà. Gbólóhùn tó dán ni. Mo ti kọ ọ́ nípa ibi tó tó igba láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò bi ara mi rí pé kí ló ń gbé níbẹ̀.

Ara mi ń rí mi lára.

Fráìdeè, 25 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n fi katakátá ti ọ̀pẹ náà wó. Mẹ́tàlélógójì ilé. Àwọn àgbà ẹ̀gà fò yíká bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, wọn ò dákẹ́ fún wákàtí méjì. Àwọn ọmọ tí kò tíì hùyẹ́ wà nílẹ̀ lórí ìdọ̀tí, eku ò dúró kí ilẹ̀ ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣọ́bìrì lu awọ́nrínwọ́n pa, wọ́n sì ń jà sí ìrù rẹ̀.

Bàbá Fàsásì mú ilé ẹ̀gà kan nílẹ̀, ó gbọn ọ́n wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo kọ fún un. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó gbé ilé ẹ̀gà náà sílẹ̀. "Ìwé yín ló dára jù, Ọ̀gá. Ká ní púrúǹtù ló kọ ọ́, wọn ì bá bi í pé kí ló ń sọ."

Ó kí mi pé ó dàárọ̀. Ó ní òun ò ní máa wá mọ́, ẹsẹ̀ ń dun òun.

Tọ́sìdeè, 31 Oṣù Kẹwàá

Mo jókòó ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí Ambrose wọlé, nínú bùbá tuntun, ìgò ọtí òyìnbó lábíyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé ó ti mutí yó ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá dúpẹ́ ni."

"Lórí kí ni?"

"Ẹ̀yìnkùlé mi! Omi ni lóṣù Kẹfà. Ó ti di ilẹ̀. Ààyè ilé méjì ló jáde níbẹ̀, ẹnìkan ti ń bi mí léèrè. Mo ti ń ṣépè fún yín o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Adìẹ wo ló tó ilẹ̀?" Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì. "Wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó lójú. Ìyàrá mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ayálégbé ò lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀."

Ohùn Caroline ni mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ìdáná.

"Ṣé orí òkú ewúrẹ́ yẹn lo fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn?"

"Àǹtí mi, ta ló máa gbẹ́ ilẹ̀ wò?"

"Ambrose, mo ní ṣé orí ẹ̀ lo fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Caroline gbé ìgò náà lórí tábìlì, ó tì í padà sí abíyá rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

"Máa lọ sílé rẹ."

"Àǹtí, èmi—"

"Máa lọ."

Nígbà tó lọ tán, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Èmi ni mo yọ itan adìẹ yẹn sínú àwo yín," ó ní. "Mo ti rí bí ẹran ẹ̀ ṣe rí nígbà tí mò ń hú u. Mo mọ ohun tí mò ń gbé fún yín."

Ó wọ ìdáná lọ. Mo gbọ́ tó ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Sátidé, 2 Oṣù Kọkànlá

Oṣù mẹ́ta dókítà kù díẹ̀ kó pé. Mo jí, mo bá Caroline lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà kánfáásì tí ọmọ wa Ọmọ́ṣaléwá fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ. Kò sọ ibi tó ń lọ. Mo ṣílẹ̀kùn, a jọ jáde.

Òjò ti lọ. Ojú ọ̀run mọ́, afẹ́fẹ́ gbẹ díẹ̀. Mo mú un dé ibi gbogbo: ibi tí igi tí mo máa ń jókòó lé wà, ibi tí ọ̀pẹ wà, ibi àpò. Òkìtì ìdọ̀tí nìkan ni gbogbo rẹ̀ báyìí, ó ń rú èéfín, ìdin ń rìn nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó. Caroline fi gèlè bo imú. Kò ní ká padà.

"Ẹyẹ wo ló wà níbẹ̀?" ó bi mí.

Mo sọ fún un. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán.

Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni lékeléke yọ láti apá àríwá, àkọ́kọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yìí, wọ́n tó ogójì. Wọ́n yí lẹ́ẹ̀mejì lórí ibi tí omi wà lọ́dún tó kọjá, bí àlejò tó ń wá ojúlé tó mọ̀. Àwọn ọmọdé tú jáde láti agboolé gbogbo, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ń pariwo kí wọ́n fún àwọn léèékánná funfun. Ìdọ̀tí dé wọn lórúnkún, wọn ò tilẹ̀ wò ó. Mo fẹ́ pariwo lé wọn kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Kí n tó lanu, Caroline ti rìn sáàárín wọn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹ́ ìka.

Àwọn ẹyẹ náà bà sórí òkìtì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdin jẹ.

Ó wo èékánná rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ẹ̀yin náà, ẹ na ọwọ́ yín."

Mo ní ọwọ́ mi dọ̀tí.

"Ẹ nà á bẹ́ẹ̀."

Mo nà á.